Bí a ṣe ń gba HWND fèrèsé nígbà tí a bá ń kó ètò kọ̀ǹpútà lọ sí WinUI 3

UWP àti WinUI 3 jẹ́ framework Microsoft, ìyẹn àkójọ kóòdù tí a fi ń kọ́ ètò fún Windows; UWP ni ti àtijọ́, WinUI 3 ni tuntun. Ẹni tó bá ti kó ètò kan kúrò nínú UWP lọ sínú WinUI 3 rí yóò mọ àṣìṣe tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ yìí. Kóòdù ti gba ọwọ́ compiler, tó ń sọ kóòdù di ètò, kọjá láìsí àròyé, fèrèsé ètò náà ṣí wẹ́rẹ́, gbogbo bọ́tìnnì wà ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó gbé àpótí ìyànfáìlì jáde, ètò náà á dà wó, á sì kọ 0x80070578 sílẹ̀. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe àdììtú. Apá ìparí rẹ̀, 0x578, ni 1400 nínú òǹkà ojoojúmọ́, àṣìṣe 1400 nínú Windows sì túmọ̀ sí pé nọ́ńbà fèrèsé tí a lò kò tọ̀nà. Ní ti àpótí ìyànfáìlì yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a kò fún un ní nọ́ńbà kankan rárá.

HWND ni nọ́ńbà tí Windows máa ń fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ṣẹ̀dá rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ kí Windows ṣe sí fèrèsé kan, ìbáà ṣe pé kí ó sún un síbòmíràn, kí ó fẹ̀ ẹ́, tàbí kí ó gbé àpótí mìíràn lé e lórí, nọ́ńbà yìí la ó fi pè é. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. HWND ni ìjánu fèrèsé. Framework tuntun kò já ìjánu yìí sọnù, ó kàn gbé e sí ibi tó yàtọ̀ sí ibi tí framework àtijọ́ gbé e sí ni.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń kó ètò láti UWP, tàbí láti WPF tàbí Windows Forms, àwọn framework Microsoft mìíràn tó ti pẹ́, lọ sí WinUI 3, tí í ṣe apá kan Windows App SDK, èyí tí ẹ̀yà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. C# ni mo fi kọ àwọn àpẹẹrẹ. Ohun tí n ó máa tẹnu mọ́ jálẹ̀ ni pé ọwọ́ fèrèsé fúnra rẹ̀ la ti ń gba HWND rẹ̀. A kì í fi ìméfò wá a.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá gbogbo ibi tí kóòdù àtijọ́ ti ń lo fèrèsé

Kí ẹ tó kọ ìlà kan ṣoṣo, ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbogbo kóòdù yín. Bó bá jẹ́ UWP ni ẹ ti ń bọ̀, ẹ wá Window.Current, CoreWindow, ApplicationView, FileOpenPicker, FileSavePicker, FolderPicker, MessageDialog àti DataTransferManager. Bó bá jẹ́ WPF, ẹ wá WindowInteropHelper àti HwndSource. Bó bá jẹ́ Windows Forms, ẹ wá .Handle àti WndProc (method tó ń gba ìfìránṣẹ́ Windows), kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ .Handle tí ẹ máa rí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fèrèsé, torí pé ohun mìíràn náà ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Ẹ pín ohun tí ẹ bá rí sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan nílò HWND ní tòótọ́. Àwọn kan kò nílò rẹ̀ mọ́, nítorí pé AppWindow inú WinUI 3 ti ń ṣe iṣẹ́ wọn, bí àpẹẹrẹ, yíyí àkọlé fèrèsé padà tàbí sísún un kúrò níbi tó wà. Àwọn ìyókù kò fẹ́ HWND, XamlRoot ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn object tó so ohun tó wà lójú fèrèsé mọ́ fèrèsé tí ó wà nínú rẹ̀. Ní tèmi, ìpín kejì yìí ló máa ń pọ̀ jù, ẹni tí kò bá sì pín in bẹ́ẹ̀ yóò kàn máa gbé kóòdù tó yẹ kó sọ nù kiri.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí UWP kò fi béèrè nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ wa. Nínú UWP, thread (okùn iṣẹ́ kan nínú ètò) kọ̀ọ̀kan tó ń fi ojú hàn ní CoreWindow kan ṣoṣo, nítorí náà nígbà tí a bá pe àpótí ìyànfáìlì, Windows á wo thread tí ìpè náà ti wá, á sì mọ fèrèsé tó ni í. Nínú WinUI 3, thread kan lè ní fèrèsé méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Windows kò sì lè mọ èyí tí a ní lọ́kàn àyàfi tí a bá sọ fún un. Ìdí nìyí tí Window.Current fi ń dá null, ìyẹn òfìfo, padà nínú ètò WinUI 3, tí CoreWindow.GetForCurrentThread náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kóòdù tó gbára lé wọn kò ní kọsẹ̀ lójú compiler. Ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló máa tó kọsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irú ìjánu tí framework àtijọ́ ń fún yín

Apá yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nínú Windows Forms, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun gbogbo tó wà lójú fèrèsé, bọ́tìnnì, àpótí ọ̀rọ̀, àtẹ, ló ní HWND tirẹ̀. Nínú WPF, fèrèsé àgbà nìkan ló ní i; bọ́tìnnì inú rẹ̀ jẹ́ àwòrán tí WPF fúnra rẹ̀ ń yà, Windows kò sì mọ̀ pé ó wà. Popup yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ó máa ń ní HWND tirẹ̀. WinUI 3 jọ WPF ní ìhà yìí: fèrèsé la lè gba HWND rẹ̀, a kò lè gba ti bọ́tìnnì.

Èyí túmọ̀ sí pé bí ètò Windows Forms yín bá ń fi Handle àpótí ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ìkàwé kóòdù kan tí a fi C++ kọ, kí ìyẹn lè ya nǹkan sínú àpótí náà, kò sí ìlà kan tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní láti tún ibẹ̀ rò láti ìpìlẹ̀, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kìíní ju kí ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá ku díẹ̀ kó parí.

Àkókò náà tún yàtọ̀. Nínú Windows Forms, kíka Handle ló ń mú kí a ṣẹ̀dá rẹ̀ bí kò bá tíì sí, nítorí náà a kì í bá òdo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yí àwọn nǹkan bíi ShowInTaskbar padà nígbà tí fèrèsé ti ṣí, Windows Forms lè ba fèrèsé náà jẹ́ kó sì tún un ṣẹ̀dá, nọ́ńbà tuntun á sì wọlé. Nínú WPF, òdo ni WindowInteropHelper ń fún wa títí di ìgbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ SourceInitialized bá wáyé, àyàfi tí a bá pe EnsureHandle. Ẹ wo ibi tí kóòdù yín ti ń gba nọ́ńbà náà. Ó ṣeé ṣe kí ìlànà tó yí i ká, irú bíi dídúró de ìṣẹ̀lẹ̀ kan, má wúlò mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba HWND lọ́wọ́ Window

Nínú WinUI 3, ìlà kan ni:

IntPtr hwnd = WinRT.Interop.WindowNative.GetWindowHandle(fereseMi);

Ẹni tó ń lo C++ yóò fa fáìlì microsoft.ui.xaml.window.h wọlé, yóò béèrè IWindowNative lọ́wọ́ object fèrèsé náà, yóò sì ka get_WindowHandle. Kò sí ìdí láti dúró de ìgbà tí fèrèsé bá hàn sójú. Ẹ lè gbà á nínú constructor rẹ̀ (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá rẹ̀) lẹ́yìn InitializeComponent.

IntPtr tàbí nint ni kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe int. Òótọ́ ni pé nínú Windows oníbíìtì 64, bíìtì 32 péré ló ní ìtumọ̀ nínú HWND, kí ètò oníbíìtì 32 àti oníbíìtì 64 lè máa pín in lò, ìdí sì nìyí tí àwọn tó ń fi int tọ́jú rẹ̀ fi ń mú un jẹ. Àmọ́ àwọn method tí a máa fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ń retí ohun tó fẹ̀ tó pointer, kò sì yẹ kí a máa fi oríire kọ kóòdù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń há sí ni pé bọ́tìnnì tí wọ́n ń kọ kóòdù fún wà nínú Page, ìyẹn ojú-ewé tí a gbé sínú fèrèsé, kì í ṣe nínú Window. Bí ẹ bá kọ this síbẹ̀, Page lẹ fi ránṣẹ́, Page kò sì ní HWND. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a tọ́jú fèrèsé sínú App nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá rẹ̀ nínú OnLaunched, kí Page lè máa rí i níbẹ̀. Ìyẹn dára fún ètò tí kò ní ju fèrèsé kan lọ. Bí ètò yín bá lè ṣí fèrèsé méjì, ọ̀nà yẹn yóò máa gbé àpótí jáde lórí fèrèsé àkọ́kọ́ nígbà tí ẹni tó ń lo ètò wà lórí ìkejì. Èyí ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀:

var id = this.XamlRoot.ContentIslandEnvironment.AppWindowId;
IntPtr hwnd = Microsoft.UI.Win32Interop.GetWindowFromWindowId(id);

Báyìí, Page fúnra rẹ̀ ló ń sọ fèrèsé tí òun wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí a tọ́jú sínú App rárá. Ẹ kàn rántí pé null ni XamlRoot títí Page yóò fi wọ inú fèrèsé. Ẹ má ṣe kà á nínú constructor Page. Inú Loaded tàbí inú ìṣẹ̀lẹ̀ Click bọ́tìnnì ni kí ẹ ti kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi nọ́ńbà náà lé àpótí ìyànfáìlì lọ́wọ́

Kóòdù tó dà wó ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, bí yóò ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe rèé:

var picker = new FileOpenPicker();
WinRT.Interop.InitializeWithWindow.Initialize(picker, hwnd);
picker.FileTypeFilter.Add("*");
var faili = await picker.PickSingleFileAsync();

Ìlà kejì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìlà kẹrin, gbogbo picker tuntun tí a bá sì ṣẹ̀dá ló nílò ìlà kejì tirẹ̀. Ìlà kẹta náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí FileTypeFilter bá ṣófo, àpótí náà kò ní ṣí, àṣìṣe tí yóò sì gbé wá kò ní sọ pé irú fáìlì ni a kò yàn. Mo ti rí ẹni tó ń tú ìlà HWND palẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, nígbà tó jẹ́ pé ìlà kẹta yẹn ló ń dà á láàmú.

MessageDialog ń gba InitializeWithWindow bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá ara yín lóró nítorí rẹ̀. ContentDialog ni kí ẹ lò, XamlRoot ni kí ẹ sì fún un. DataTransferManager, tí a fi ń pín nǹkan sí ètò mìíràn, kò gba InitializeWithWindow ní tirẹ̀. Òun ní interface tó dá dúró, IDataTransferManagerInterop, tí ó ní GetForWindow àti ShowShareUIForWindow, méjèèjì ló sì ń gba HWND.

Bí ètò yín bá jẹ́ èyí tí a máa ń ṣí pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó kọ̀ǹpútà, ẹ fojú sọ́nà fún ìdíwọ́ mìíràn: àwọn àpótí inú Windows.Storage.Pickers kì í ṣe é gbára lé nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kódà bí HWND bá tọ̀nà. IFileOpenDialog ti Win32 ni kí ẹ lò níbẹ̀, tí Show rẹ̀ ń gba HWND tààrà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Títóbi fèrèsé àti ojú ìfihàn tó ki

Láti ẹ̀yà 1.3 Windows App SDK, Window ní AppWindow lára, nítorí náà ẹ kò nílò HWND láti yí àkọlé tàbí títóbi padà. Kóòdù tó ti pẹ́ tí ẹ lè rí níbòmíràn máa ń gba HWND, á sọ ọ́ di WindowId pẹ̀lú GetWindowIdFromWindow, á sì tún fi ìyẹn wá AppWindow. Ẹ lè yọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò.

HWND ṣì máa padà wúlò fún ohun kan. WPF ń ka fífẹ̀ fèrèsé ní ìwọ̀n ìdá kan nínú 96 ti íǹṣì kan, ṣùgbọ́n AppWindow.Resize ń kà á ní píksẹ́lì gidi. Bí fèrèsé yín bá jẹ́ 800 ní fífẹ̀ àti 600 ní gíga nínú WPF, tí ẹ sì kọ 800 àti 600 náà sínú Resize, yóò dára lórí ojú ìfihàn tí ìwọ̀n ìmútóbi rẹ̀ (scale) wà ní ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n yóò kéré bí ẹni pé ó rù lórí èyí tó wà ní ìdá 150. Ẹ pe GetDpiForWindow pẹ̀lú HWND. Lórí ojú ìfihàn ìdá 150, 144 ni yóò dá padà. Ẹ fi 96 pín 144, ẹ ó rí 1.5, ẹ fi sọ 800 àti 600 di púpọ̀, ó di 1200 àti 900. Windows 10 ẹ̀yà 1607 ni GetDpiForWindow ti bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gbígbọ́ àwọn ìfìránṣẹ́ Windows

Ètò tó ń gbọ́ ìfìránṣẹ́ Windows fúnra rẹ̀, bíi WM_DEVICECHANGE nígbà tí a bá ki nǹkan bọ ojú USB, máa ń kọ WndProc tirẹ̀ rọ́pò ti àkọ́kọ́ nínú Windows Forms, tàbí kó lo HwndSource.AddHook nínú WPF. WinUI 3 kò ní irú rẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a fi HWND pe SetWindowSubclass inú comctl32, kí method tiwa máa gba ìfìránṣẹ́ náà, kí ó fi èyí tí kò kàn án lé DefSubclassProc lọ́wọ́, kí a sì pe RemoveWindowSubclass nígbà tí WM_NCDESTROY bá dé.

Níbí ni mo ti jẹ ìyà mi. Mo kọ delegate náà, ìyẹn object tó ń tọ́ka sí method tiwa, sínú ìpè SetWindowSubclass tààrà láìtọ́jú rẹ̀ síbì kan. Ètò náà ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì fi lé àwọn tó máa lò ó lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n ní ó máa ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé agbálẹ̀ .NET, ìyẹn garbage collector, rí delegate tí kò sí ẹni tó dì í mú nínú kóòdù C#, ó gbá a dànù, Windows sì ń pe ibi tí kò sí ènìyàn mọ́. Ẹ tọ́jú delegate náà sínú field tí yóò wà níwọ̀n ìgbà tí fèrèsé bá wà:

private SUBCLASSPROC _agbohun;

Ẹ fi method yín sínú _agbohun nígbà tí fèrèsé bá ń ṣí, ẹ sì fi _agbohun ránṣẹ́ sí SetWindowSubclass, kì í ṣe orúkọ method náà. Ẹ má sì retí WM_KEYDOWN níbẹ̀, nítorí pé fèrèsé ọmọ tó wà nínú fèrèsé àgbà ló máa ń gba bọ́tìnnì àtẹ bọ́tìnnì. Ìṣẹ̀lẹ̀ KeyDown ti XAML ni kí ẹ lò.

Àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú tí kò yẹ kí ẹ gbà

Nígbà tí Page kò bá rí Window rẹ̀, ìdánwò tó máa ń wá sọ́kàn ni GetForegroundWindow, tí í dá HWND fèrèsé tó wà níwájú lójú ìfihàn padà. Mo ti lò ó rí. Ẹni tó ń lo ètò tẹ bọ́tìnnì, ètò ń ka fáìlì ńlá kan lọ́wọ́, òun sì yà sórí ètò mìíràn kó tó parí. Fèrèsé ètò mìíràn yẹn ni àpótí wa lọ so mọ́, ìyẹn sì kọ̀ kò gba títẹ̀ mọ́ títí ẹni náà fi rí àpótí tí kò mọ ibi tó ti wá. FindWindow, tí í fi àkọlé wá fèrèsé, ń kùnà nígbà tí ètò méjì bá jọ ń ṣí tàbí tí a bá yí àkọlé sí èdè mìíràn. Process.MainWindowHandle lè dá òdo padà, ó sì lè mú fèrèsé ìkíni tó kọ́kọ́ yọ kí ètò tó ṣí tán.

Bí framework tí ẹ ń lọ kò bá jẹ́ WinUI 3

Ìlànà kan náà ni, ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀. Nínú .NET MAUI lórí Windows, Handler.PlatformView ti Window ni ẹ ó fún GetWindowHandle, lẹ́yìn tí Handler kì í bá ṣe null mọ́. Nínú Avalonia 11, TryGetPlatformHandle ti TopLevel ni. Nínú Electron, getNativeWindowHandle ń dá Buffer padà, kì í ṣe nọ́ńbà, ẹ sì ní láti kà á jáde. Nínú Qt, ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá pe winId lórí bọ́tìnnì kan, Qt yóò sọ bọ́tìnnì náà di fèrèsé gidi, yóò sì tún sọ àwọn tó bí i di bẹ́ẹ̀, ojú ètò sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Lórí window tó wà lókè pátápátá ni kí ẹ ti pè é. Lórí Linux pẹ̀lú Wayland, kò sí nọ́ńbà tí gbogbo ètò lè fi mọ fèrèsé ara wọn bíi ti HWND, ẹ má sì gbé kóòdù yín lé e.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ tẹ nọ́ńbà náà jáde pẹ̀lú hwnd.ToString("X"), kí ẹ sì ṣí Spy++ tó ń bá Visual Studio wá. Ẹ fa àmì ìwárí rẹ̀ sórí àkọlé fèrèsé yín. Nọ́ńbà tí yóò kọ gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ tẹ̀ jáde mu, bí ẹ bá yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò. Ẹ wo orúkọ class tó kọ síbẹ̀ pẹ̀lú: WinUIDesktopWin32WindowClass ni ti fèrèsé WinUI 3. Bí ẹ bá rí orúkọ mìíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fèrèsé ọmọ lẹ dì mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé méjì, ẹ pe àpótí láti orí ìkejì, kí ẹ sì rí i pé orí ìkejì ló jáde sí. Ẹ pa ìkejì yẹn dé. Nọ́ńbà rẹ̀ ti kú báyìí, Windows sì lè fún fèrèsé mìíràn ní irú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nítorí náà IsWindow kò tó láti fi mọ̀ bóyá tiwa ló ṣì jẹ́. Ẹ kò nílò CloseHandle. HWND kì í ṣe ohun tí a ń dá padà. Bí field kan bá ń tọ́jú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di IntPtr.Zero nínú ìṣẹ̀lẹ̀ Closed ti fèrèsé náà, kí kóòdù tó bá pẹ́ dé lè bá òdo níbẹ̀ kó sì padà.